Epo Apá Òsì Kò Lọ Sílẹ̀

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó jẹ́ tèmi níbẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi dí ẹnu táǹkì náà. Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo tẹ́ ọ̀rá sẹ́nu rẹ̀, mo gbé ìdérí lé e, mo lọ́ ọ títí ó fi le, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, mo sì nu ọwọ́ mi mọ́ ṣòkòtò bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ rere. Ẹlòmíì ni wọ́n dá lẹ́bi fún un. Ọ̀gá mi ni, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́.

Táǹkì bàálù ni mò ń sọ o. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ìlaró máa rẹ́rìn-ín tó bá ka ibí yìí, torí ọ̀kadà ni mò ń tún ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, mi ò sì ka ìwé kọjá kíláàsì kẹta ní girama. Àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, èmi náà bá wọn tún bàálù ṣe.

Bàbá kan ló ni ín. Oko kajú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ayétòrò. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi bàálù fọ́n oògùn kòkòrò sórí oko ńláńlá lókè Ọya. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wọn kógbá sílé, wọ́n ta àwọn bàálù náà bí ìgbà tí èèyàn ń ta àlòkù kẹ̀kẹ́, Bàbá sì ra èyí tó kéré jù. Bàálù náà dàgbà ju bàbá tó bí mi lọ. Aṣọ líle tí wọ́n kùn lọ́dà ni wọ́n fi bo apá rẹ̀. Ìjókòó méjì ló ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà. Bàbá kọ́ ahéré onípáànù fún un, ó gé koríko pápá tí á máa sá lé, ó sì gba ìwé àṣẹ pé òun lè gbé e yí oko òun po, kí òun sì tún sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀.

Ó máa ń sọ pé, "Bí mo bá ṣìnà pẹ́nrẹ́n, ọ̀dọ̀ àwọn elédè Faransé ni mo máa balẹ̀ sí, mi ò sì gbọ́ ju bọ́ńjúù lọ."

Ọ̀gá mi yìí, Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é, àtèmi àtàwọn oníbàárà. Ọmọ Ọjà-Ọ̀dàn ni, ibẹ̀ làwọn òbí rẹ̀ ti ń ta gàrí àti àgbàdo. Rédíétọ̀ àti táǹkì tó ń jò ni iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìlaró. Á yọ́ òjé sójú ibi tó là, á fi irin gbígbóná tẹ́ ẹ, o ò sì ní mọ̀ mọ́ pé ibẹ̀ jò rí. Èmi ti gba òmìnira lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà, mo ti pa àtíbàbà tèmi sí òdìkejì títì, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó kàn máa súfèé ni, èmi náà á sì dá títì kọjá.

Lọ́jọ́ kan Bàbá gbé táǹkì kan wá, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Ẹ̀gbọ́n gbé e sókè, ó mì ín.

"Bàbá, ọkọ̀ wo ló ni èyí? Ó mà fúyẹ́."

"Bàálù ni."

"Ṣé èyí tó ń fò?"

"Ṣé o ti rí èyí tó ń wẹ̀ ni?"

Ẹ̀gbọ́n gbé táǹkì sílẹ̀ jẹ́ẹ́. "Tó bá jẹ́ èyí tó ń fò ni, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ mi kí n tó fọwọ́ kàn án."

Ó fọ ọwọ́ lóòótọ́. Iṣẹ́ tó máa ń ṣe láàárín wákàtí kan, ó fi odindi ọjọ́ kan ṣe é. Lọ́jọ́ kejì a tẹ̀lé Bàbá lọ sóko láti lọ gbé e sípò nínú apá òsì. Inú Bàbá dùn sí ojú òjé yẹn débi pé ó ní tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, Ẹ̀gbọ́n ni òun máa kọ́kọ́ gbé jókòó sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n dúpẹ́. Ẹni tí àkàbà lásán ń bà lẹ́rù ni o, ṣùgbọ́n ó délé, ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ẹ ó rí mi lókè láìpẹ́.

Bàbá ṣàlàyé bí epo ṣe ń rìn fún wa, kò sì le. Táǹkì méjì ló wà, ọ̀kan nínú apá ọ̀tún, ọ̀kan nínú apá òsì. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń fà á. Epo á kàn máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, páìpù méjèèjì á pàdé nísàlẹ̀, wọ́n á di ọ̀kan, ó di inú ẹ́ńjìnnì. Bí ti ọ̀tún bá ṣe ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti òsì gbọ́dọ̀ máa lọ sílẹ̀. Igi pẹlẹbẹ kan wà tí Bàbá fi ọ̀bẹ kọ ìlà sí lára. Ẹ ó tì í bọ inú táǹkì, ibi tó bá tutù dé ni epo kù sí. Lórí ìdérí kọ̀ọ̀kan, páìpù kékeré kan wà tó tẹ̀ síwájú bí ìka ọwọ́. Bàbá sọ ohun tí wọ́n ń fi èyí náà ṣe. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n fáànù iwájú ni mò ń wò nígbà yẹn, mò ń rò ó pé tó bá gé èèyàn ńkọ́.

Èmi ni wọ́n ní kí n máa ra epo wá láti Ìlaró, kẹ́ẹ̀gì méjì lẹ́yìn ọ̀kadà. Ẹ mọ bó ṣe rí lápá ọ̀dọ̀ wa tí wọ́n bá rí kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn èèyàn. Ọ̀kan nínú àwọn aṣọ́bodè tó ń dúró lójú ọ̀nà dá mi dúró.

"Ibo lò ń gbé epo yìí lọ?"

"Oko ni, sà. Ti bàálù ni."

Ó yíjú sí èkejì rẹ̀. "Ẹ wá gbọ́ o. Àwọn fàyàwọ́ ti ra bàálù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì ní kí n máa lọ, torí wọ́n ní irọ́ tó dùn tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó pa á tọ́ sí ọ̀nà.

Ẹni tó bá ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì lójú ọ̀nà wa mọ̀ pé ìdérí nìkan ò tó. Kòtò pọ̀, kẹ́ẹ̀gì á máa fò, epo á máa ta sí ẹ lẹ́yìn títí dé abẹ́ ìgbànú. Ọ̀rá la fi ń mú un. A ó ká ọ̀rá omi tó ti gbẹ ní ìlọ́po méjì, a ó tẹ́ ẹ sẹ́nu kẹ́ẹ̀gì, a ó wá lọ́ ìdérí lé e lórí. Bó o fẹ́, gbé e dé Ẹ̀gùá, kò ní jò. Láti kékeré ni ọwọ́ wa ti mọ̀ ọ́n, a kì í rò ó mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ mi ò ṣe rò ó lọ́jọ́ náà. Mo gun àkàbà, mo da kẹ́ẹ̀gì kìíní sínú táǹkì òsì. Ọ̀rá rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo wo ìdérí, mo rí ihò kékeré nínú rẹ̀, mo ní eruku á gba ibí yìí wọlé. Mo tẹ́ ọ̀rá sí i, mo dé e. Mo bọ́ sí apá ọ̀tún, mo da èkejì. Ọ̀rá tibẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, atẹ́gùn ti gbé e wọ inú kajú, mo dé èyí bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i. Ìdí tí òsì fi dí tí ọ̀tún ò dí nìyẹn. Ká ní atẹ́gùn ò fẹ́ lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá ti dí méjèèjì.

Bàbá gbé e gbéra. Ó dùn mọ́ wa nínú, a ń pàtẹ́wọ́ bí ó ti ń yí oko po. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń padà bọ̀, a rí i pé ó ń tẹ̀ sí òsì bí ẹni tó gbé garawa omi lọ́wọ́ kan. Ó balẹ̀, ó ń fọwọ́ ra apá ara rẹ̀.

"Látìgbà tí mo ti gbéra ni mo ti ń fà á sọ́tùn-ún. Gun òkè, wò ó fún mi."

Mo ti igi bọ inú táǹkì. Ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Òsì kún bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo dé méjèèjì padà. Ọ̀rá yẹn ti lẹ̀ mọ́ inú ìdérí, bí mo bá ṣí i, á tẹ̀lé e, bí mo bá dé e, á padà síbẹ̀. Ojú mi ń rí i. Kò jọ mí lójú ju bí ìgbà tí mò ń rí èékánná ara mi lọ. Kò sì sẹ́lòmíì tó lè rí i, torí orúnkún Bàbá ò gba àkàbà mọ́, Ẹ̀gbọ́n ní tòun kì í fẹ́ wò ó rárá.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn nìyẹn. Bàbá gbé àwo omi sórí ìjókòó láti mọ̀ bóyá bàálù dúró déédéé. Ó dúró déédéé. A fẹ́ táyà méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n tú páìpù nísàlẹ̀, ó ní kí n ṣí ìdérí méjèèjì sílẹ̀ lókè kí òun lè fi ẹnu fẹ́ ẹ. Mo ṣí wọn. Ó fẹ́ ẹ, ó tu epo jáde, ó ní ọ̀nà mọ́. Mo da epo kún ti ọ̀tún, a wá gbé abọ́ méjì sábẹ́ páìpù méjèèjì, pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí bẹ́ẹ̀, Bàbá ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Epo méjèèjì kún abọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá jókòó sórí kùkùté. "Nílẹ̀, ó ń ṣe dáadáa. Lókè, ó ń kọ̀. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń sùn nílẹ̀ tó ń jí lókè."

"Bí kí ni, Bàbá?"

"Bí èérún òjé."

Ẹ̀gbọ́n ò bá a jiyàn. Ó yọ táǹkì òsì láti ìsàlẹ̀, mo fi ìdérí rẹ̀ sápò, ó gbé táǹkì lọ sí Ìlaró, ó tú gbogbo ojú òjé náà, ó tún un lẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. A gbé e padà. Èmi ni mo da epo sí i. Èmi náà ni mo dé e, pẹ̀lú ìdérí kan náà àti ọ̀rá kan náà.

Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ọ̀rọ̀ ò dẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá ń bọ̀ wá balẹ̀, ó ku díẹ̀ kó dórí koríko, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó dákẹ́. Epo ọ̀tún ti tán. Bàálù rọra wá láìdún, ó já lulẹ̀, ó fò sókè, ó tún já lulẹ̀, ó dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Bàbá tó sọ̀ kalẹ̀. Mo gun òkè láìjẹ́ kó rán mi. Òsì ṣì kún.

Ó yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. "Mo fi ẹ̀mí mi lé ẹ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Bàbá, ọwọ́ mi mọ́ níbẹ̀."

"Èwo ló kù tí a ò tíì wò? Ibi tí o fọwọ́ kàn nìkan ló ń kọṣẹ́. Má wá síbí mọ́. Mi ò bá ẹ jà. Ṣá má wá mọ́."

Ẹ̀gbọ́n kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó sì jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà mi. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ìlaró ló ní, "Ìwọ náà wà níbẹ̀. Ṣé o rí ibi tí mo ti ṣe é láìdáa?"

"Mi ò rí i, Ẹ̀gbọ́n." Òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ yẹn.

Mi ò mọ ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìgboro, àmọ́ ó dé ibẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà gbà á bí ẹ̀pà sísè. Ọ̀kan á dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù: "Ẹ̀gbọ́n, tèmi ń jò o, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó fò." Òmíì á ní, "Ẹ bá mi fi òjé dí ẹnu ìyàwó mi, mo gbọ́ pé òjé tiyín kì í jẹ́ kí nǹkan kan jáde." Ẹ̀gbọ́n máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ́tò tó ń gbé rédíétọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tó wà níwájú. Ọ̀sẹ̀ ń lọ, mi ò gbọ́ kó súfèé.

Ibi tí ìmọ̀ ti dé bá mi yà mí lẹ́nu títí dòní. Ọmọkùnrin kan láti Ìlóbì ti ọ̀kadà rẹ̀ wá bá mi. Ó ní tóun bá ti gùn ún dé ibì kan á kú, tóun bá tú ìdérí táǹkì láti wo epo, á jí, á tún lọ díẹ̀, á tún kú. Mo ṣí ìdérí. Táǹkì náà fa atẹ́gùn sínú bí ẹni tí wọ́n yọ látinú odò. Mo wo abẹ́ ìdérí, ọ̀rá ni. Ó ní òjò ló ń gba ibẹ̀ wọlé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. "Ṣé o ò mọ̀ pé táǹkì ń mí ni? Bí atẹ́gùn ò bá wọlé lókè, báwo ni epo ṣe máa jáde nísàlẹ̀..." Ẹnu mi dúró níbẹ̀.

"Kí ló dé? Ṣé ó bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kò bàjẹ́," ni mo wí. "Yọ ọ̀rá yẹn dànù."

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ ni o. Ohun tí mo mọ̀ lára ọ̀kadà, mo gbàgbé rẹ̀ lára bàálù, torí lójú mi bàálù kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀kadà. Páìpù tó tẹ̀ bí ìka yẹn, ibẹ̀ ni táǹkì ti ń mí. Nígbà tí a ṣí ìdérí nílẹ̀, ó rí èémí gbà, ó sì tú epo jáde. Bí a bá ti dé e padà, mo ti fún un lọ́rùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo lọ sóko. Mo sọ fún Bàbá pé mo fẹ́ nu àwọn ìdérí. Mo gun òkè, mo yọ ọ̀rá náà, mo fi í sápò. Ọjọ́ kejì mo da epo kún méjèèjì, Bàbá gbé bàálù gbéra, ó yí oko po lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó tètè sọ̀ kalẹ̀. Mo ti igi bọ̀ ọ́. Ìlà kan náà ni méjèèjì wà.

"Kí lo ṣe sí i?"

"Mo nu ìdérí ni, Bàbá. Ihò ti òsì ló dí."

Ẹ wò ó, kì í ṣe irọ́. Òun gan-an ló jẹ́ kó rọrùn láti sọ.

Bàbá gbá mi mọ́ra. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé ni ì bá má rí i. Ó wá ní kí n jókòó sẹ́yìn. Mo mọ ẹni tó ni ìjókòó yẹn, mo sì jókòó síbẹ̀. Mo rí òrùlé Ayétòrò lókèèrè, mo rí títì bí okùn pupa, mo rí igi kajú bí ìgbà tí wọ́n to ẹ̀fọ́ sórí àtẹ. Ó dùn. Mi ò lè purọ́ pé kò dùn.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ó di ọ̀la. Lọ́la mo ní kí n jẹ́ kó di ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí Ẹ̀gbọ́n bá ti kírun dé tí ara rẹ̀ balẹ̀. Jímọ̀ mẹ́ta kọjá. Lẹ́yìn ìkẹta, ó ní òun ń kó lọ sí Ẹ̀gùá, pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun ní ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀ tó ṣófo, àwọn tó ń ná ọjà lọ sí òdìkejì ibodè sì máa ń nílò onírédíétọ̀. Èmi ni mo bá a kó ẹrù sínú ọkọ̀. Èmi ni mo so okùn rẹ̀. Ó ní, "O ṣeun, àbúrò mi, ìwọ ò bá wọn fi mí ṣẹ̀sín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi lọ bá Bàbá, tí mo sì sọ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ń fọ́ kajú lọ́wọ́. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Ọ̀rá?"

"Ọ̀rá ni, Bàbá."

"Tí mo bá kú ńkọ́?"

Kò pariwo. Ó ní ohun tí òun fi ẹnu òun sọ sí Ẹ̀gbọ́n, òun fúnra òun máa bẹ̀ ẹ́ fún un. "Tèmi nìyẹn. Tìrẹ, mi ò ní bá ẹ sọ ọ́. Gba Ẹ̀gùá lọ."

Mo lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lọ, ṣùgbọ́n mo lọ. Mo bá Ẹ̀gbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ojú rẹ̀ dán, ó ti sanra díẹ̀. Awakọ̀ kan láti òdìkejì ibodè ń kí i ní "pàtíróò", bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe ọ̀gá, ó sì ń dáhùn bí ẹni tó ti ń jẹ́ ẹ láti kékeré.

Nígbà tó ku àwa méjì, ó ní, "Bàbá pè mí. Ó bẹ̀ mí títí ojú fi tì mí. Ó ní kì í ṣe òjé mi, ó ní nǹkan kan ló dí ẹnu táǹkì lókè. Mo ní ta ló dí i, ó ní kì í ṣe ẹnu òun ni màá ti gbọ́ ọ." Ó wò mí. "Ìwọ lo máa ń gun òkè. Ṣé o ò rí nǹkan kan?"

"Mo rí i, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ni?"

"Ọ̀rá ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó mirí. "Ọ̀rá lẹ́nu táǹkì. A jẹ́ pé ọmọ ìhín ló ṣe é."

Ọkọ̀ kan yà wọlé, rédíétọ̀ rẹ̀ ń yọ èéfín, awakọ̀ ń pè é. Ó dìde. Mo dúró títí ó fi ṣe é tán. Ó ra búrẹ́dì fún mi, ó bi mí léèrè àwọn ará ilé, ó bi mí bóyá iṣẹ́ ń lọ. Mo dáhùn gbogbo wọn. Kò padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn, èmi náà ò fà á padà. Mo gun ọ̀kadà mi, mo wálé.

Ó lè ti mọ̀. Bó ṣe wò mí nígbà tí mò ń dágbére, mo rò pé ó mọ̀. Ṣùgbọ́n pé ó mọ̀ kò sọ pé mo ti sọ fún un. Gbólóhùn kan ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè, kò gùn, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni." Ó rọrùn fún mi láti kọ ọ́ síbí, nítorí Ẹ̀gbọ́n kì í kàwé. Ẹnu ni mo gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́, lójú rẹ̀, ní Ẹ̀gùá, mi ò sì tíì padà lọ.